Ìbéèrè àti ìdáhùn: Bí a ṣe ń dáàbò bo ọkàn nígbà ìtọ́jú onítànṣán fún jẹjẹrẹ ọyàn

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì ti tẹ̀lé obìnrin mélòó kan láti ìlú yìí àti láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ìbàdàn fún ìtọ́jú onítànṣán, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní radiotherapy. Ohun tí wọ́n ń bi mí nínú mọ́tò kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bi dókítà, nítorí pé ojú ń tì wọ́n, tàbí pé àwọn èèyàn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lẹ́yìn wọn. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí nítorí pé èyí tó jẹ mọ́ ọkàn nínú wọn ni wọn kì í sábà béèrè títí ìtọ́jú á fi parí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ìdáhùn rẹ̀ wúlò jù.

Ọyàn ló ń ṣe mí. Kí ló wá kan ọkàn níbẹ̀?

Ọkàn tí mò ń sọ níhìn-ín kì í ṣe èyí tí a fi ń ronú tàbí tí a fi ń banújẹ́. Ó yẹ kí n là á yékéyéké, torí pé ìyá kan gbọ́ tí dókítà ní, "A fẹ́ ṣọ́ ọkàn yín," ó sì dá a lóhùn pé òun kò banújẹ́ rárá, òun ti fi gbogbo rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ̀yà ara ni mò ń sọ, èyí tó tó ìkúùkù ẹni tó ni ín, tó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara tọ̀sán-tòru.

Ẹ̀yìn egungun igbá-àyà ló wà, ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ tẹ̀ sí òsì. Iwájú rẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ pàtàkì kan gbà sọ̀ kalẹ̀, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ẹran ara ọkàn fúnra rẹ̀, iṣan yìí kò sì jìnnà sí egungun ìhà tí ọyàn òsì lé lé. Nígbà tí wọ́n bá ń tan ìtànṣán sí ọyàn òsì, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń tàn án kí ó lè gba ojú ọyàn kọjá láìwọ inú àyà lọ jìnnà. Àmọ́ bí ọkàn bá sún mọ́ egungun ìhà jù, etí ìtànṣán náà lè gé díẹ̀ lára rẹ̀.

Ọyàn ọ̀tún ni tèmi. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀?

Ìwọ̀n tó ń kan ọkàn nínú ìtọ́jú ọyàn ọ̀tún kéré púpọ̀ sí ti òsì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ tan ìtànṣán sí àwọn kókó omi ara (lymph nodes, kì í ṣe kókó jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun igbá-àyà, ó lè pọ̀ sí i lápá ọ̀tún pàápàá. Ẹ béèrè bí àwọn kókó wọ̀nyẹn bá wà nínú ètò yín.

Báwo ni ewu náà ṣe tó gan-an?

Bí a ṣe ń fi kóńgò wọn gàrí, Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tí ara gbà, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ ní Gy. Ní 2013, àwọn onímọ̀ tí Sarah Darby ti Yunifásítì Oxford ṣáájú wọn gbé ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 2,168 tí wọ́n gba ìtọ́jú onítànṣán fún jẹjẹrẹ ọyàn ní Sweden àti Denmark láàárín 1958 sí 2001. Wọ́n fi àwọn 963 tí àrùn iṣan ọkàn kọlù lẹ́yìn ìtọ́jú wé àwọn 1,205 tí kò kọlù. Wọ́n rí i pé fún Gy 1 kọ̀ọ̀kan tí ọkàn bá gbà ní ìpíndọ́gba, ewu àrùn náà ń fi ìdá 7.4 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ewu náà ti ń hàn láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ó sì ń bá a lọ fún ogún ọdún ó kéré tán. Wọn kò rí ìwọ̀n kankan tí wọ́n lè tọ́ka sí pé nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sí ewu mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ìdá yẹn dẹ́rù bà yín kí ẹ tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ká ní a kó ẹgbẹ̀rún obìnrin jọ, tí a sì mọ̀ pé ogójì nínú wọn ni àrùn iṣan ọkàn yóò kọlù bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́, kódà bí wọn kò bá gba ìtànṣán kankan. Bí ọkàn gbogbo wọn bá gba Gy 1, ogójì yẹn á di nǹkan bíi mẹ́tàlélógójì. Bí ó bá gba Gy 5, á di nǹkan bíi márùndínlọ́gọ́ta. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín mẹ́tàlélógójì àti márùndínlọ́gọ́ta ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín dá lé, torí pé èèyàn méjìlá ni, àwọn tó ń ṣètò ẹ̀rọ náà sì lè gbà wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n bá fara balẹ̀.

Ṣé kò wá sàn kí n má gbà á rárá?

Kò sàn bẹ́ẹ̀ o. Mo bẹ yín, ẹ má fi ìbẹ̀rù ọkàn sá fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Ní 2011, wọ́n kó ìwádìí 17 jọ lórí obìnrin 10,801 tí wọ́n yọ kókó jẹjẹrẹ nìkan nínú ọyàn wọn láìgé ọyàn náà. Láàárín ọdún mẹ́wàá, jẹjẹrẹ padà wá bá nǹkan bíi 35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò gba ìtànṣán, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 19 péré ló padà bá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á. Nígbà tó fi máa pé ọdún 15, iye àwọn tí jẹjẹrẹ náà pa ti wálẹ̀ láti 25 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi ìyẹn wé ewu ọkàn tí mo ṣírò lókè yìí. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí dókítà bá ní kí wọ́n gbà á, àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ.

Ẹni tó gbà á tí wọ́n sì dáàbò bo ọkàn rẹ̀ ló jèrè lápá méjèèjì.

Wọ́n ti gé ọyàn náà kúrò pátápátá. Kí ni wọ́n tún ń tan ìtànṣán sí?

Àwọn obìnrin wa máa ń béèrè èyí gan-an, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé kókó jẹjẹrẹ náà ti tóbi kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, gígé ló sì kù. Awọ àyà, ẹran abẹ́ rẹ̀ àti àwọn kókó omi ara ti abíyá àti ti ẹ̀bá ọrùn ni wọ́n ń tan ìtànṣán sí, nítorí pé èérún jẹjẹrẹ tí ojú kò lè rí lè kù síbẹ̀. Nígbà tí ọyàn kò sì sí níbẹ̀ mọ́, ohun tó wà láàárín awọ àyà àti ọkàn kì í nípọn, pàápàá lára obìnrin tó tín-ín-rín. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n gé ọyàn òsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè nípa ọkàn bí ẹni tí wọ́n kò gé tirẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ béèrè.

Kí ni wọ́n lè ṣe kí ìtànṣán má bàa kan ọkàn?

Ọjọ́ ètò ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ìtànṣán kankan tó jáde. Wọ́n á gbé yín sùn sórí bẹ́ẹ̀dì líle kan, ẹ ó gbé apá sókè orí, wọ́n á ya àwòrán CT àyà yín, èyí tó ń fi inú ara hàn, wọ́n á sì fi àmì tó-tò-tó sí ara yín kí wọ́n lè máa tẹ́ yín sí ipò kan náà lójoojúmọ́. Lórí àwòrán yẹn ni dókítà yóò ti fa ìlà yí ọyàn ká àti yí ọkàn ká, tí onímọ̀ físíìsì yóò sì máa yí ẹ̀gbẹ́ tí ìtànṣán yóò gbà wọlé padà títí ìtànṣán yóò fi bo ìlà ọyàn, tí yóò sì jìnnà sí ìlà ọkàn bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Nínú ẹ̀rọ tuntun, àwọn irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń rìn wọlé rìn jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n lè dí ojú ibi tí ọkàn wà kí ìtànṣán má gba ibẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni pé kí obìnrin dojú bolẹ̀, kí ọyàn rẹ̀ rọ̀ gba ojú ihò inú bẹ́ẹ̀dì náà sísàlẹ̀. Ó lè wúlò fún ẹni tí ọyàn rẹ̀ tóbi, àmọ́ ọkàn náà lè sún síwájú bí èèyàn bá dojú bolẹ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó bá mu. Ìtọ́jú kan tún wà tí a ń pè ní proton, tí ìtànṣán rẹ̀ ń dúró síbi tí wọ́n bá ní kí ó dúró sí, ṣùgbọ́n a kò tíì ní in ní Nàìjíríà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí rẹ̀ nígbà tí ohun tí kò gbówó lórí wà nílẹ̀.

Ohun náà ni mímí.

Báwo ni mímí ṣe lè dáàbò bo ọkàn?

Ẹ rántí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Bí a bá fa afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, á wú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dọ̀fóró yín ṣe ń wú bí ẹ bá mí kanlẹ̀. Bó ti ń wú, ó ń gbé egungun ìhà sókè, iṣan pẹlẹbẹ tó wà láàárín àyà àti ikùn á sì rọ̀ sísàlẹ̀, yóò fa ọkàn tẹ̀lé e. Àlàfo á wá ṣí sílẹ̀ láàárín egungun ìhà àti ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró á sì kún inú àlàfo náà. Bí ẹ bá sé èémí náà mọ́nú fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá, tí wọ́n sì tan ìtànṣán láàárín àkókò yẹn nìkan, etí rẹ̀ á gba inú àlàfo kọjá dípò kí ó gba ara ọkàn. Wọ́n á pa á, ẹ ó mí síta, ẹ ó sinmi, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ó lè tó ìgbà mélòó kan lóòjọ́. Ó wọ́pọ̀ kí ìwọ̀n tí ọkàn ń gbà dín tó ìlàjì nípasẹ̀ èyí nìkan, àwọn ilé ìtọ́jú tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa sì ń mú un wálẹ̀ sí bíi Gy 1 tàbí 2.

Àwọn kan ń lo ẹ̀rọ tí a ń fi ẹnu bù, tí wọ́n sì ń fi nǹkan pa imú dé. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí kan tí wọ́n pè ní HeartSpare fi hàn pé bí obìnrin bá sé èémí fúnra rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi àmì ara rẹ̀ àti iná tó ń tàn sí awọ ara rẹ̀ mọ̀ bóyá àyà rẹ̀ wà níbi tó yẹ, ó ṣiṣẹ́ tó ti ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ìwádìí náà tún fi èémí sísé wé dídojúbolẹ̀ fún àwọn tí ọyàn wọn tóbi, èémí sísé ló gba ọkàn sílẹ̀ jù. Èyí ni mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn èèyàn wa.

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ṣé mo lè sé èémí tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀pọ̀ lè ṣe é bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣeré nílé. Mo rí ìyá kan ládùúgbò Tákíè tó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó sùn sẹ́yìn, tó gbé apá méjèèjì sókè orí lórí ìrọ̀rí, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ sì jókòó tì í pẹ̀lú fóònù. Bí ìyá bá ti mí kanlẹ̀, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀jọ ni ìyá ti já, tó ń wú ikọ́. Ọmọ náà kọ ẹ̀jọ sínú ìwé iṣẹ́ ilé rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ogún ni wọ́n kọ, lọ́jọ́ tí wọ́n sì lọ ya àwòrán CT, ìyá ka márùndínlọ́gbọ̀n nínú ara rẹ̀ láìmira.

Ẹ mí sínú díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe gbọ̀n ẹ̀yìn kúrò lórí ẹní, ẹ jẹ́ kí àyà gbé sókè ju ikùn lọ, kí ẹ sì dúró jẹ́ẹ́. Ìgbà márùn-ún láàárọ̀, ìgbà márùn-ún lálẹ́ ti tó. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dá a dúró. Ẹni tó ní ikọ́ fée, tàbí tí ikọ́ ń bá jà, kí ó tètè sọ, kí wọ́n tọ́jú ìyẹn ná. Ẹni tí kò sì lè ṣe é rárá kò gbọ́dọ̀ rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́: yíyí ẹ̀gbẹ́ ìtànṣán padà àti dídí ojú ọkàn ṣì wà fún un.

Bí ilé ìwòsàn tí mò ń lọ bá ń lo ẹ̀rọ cobalt ńkọ́?

Ẹ̀rọ cobalt ń gba agbára rẹ̀ láti ara irin kan tó ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀, agbára irin náà sì ń dín kù sí ìlàjì láàárín ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀. Bí irin náà bá ti ń gbó, bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn ń pẹ́ sí i lábẹ́ rẹ̀ kí ìwọ̀n kan náà tó pé, èyí sì ń jẹ́ kí èémí sísé ṣòro. Àwọn ẹ̀rọ oníná tí wọ́n ń pè ní linac yára jù, wọ́n sì ṣeé pa, ṣeé tàn lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, ẹ̀rọ cobalt ṣì ń wo jẹjẹrẹ, àwọn òṣìṣẹ́ sì lè fi òjé dí ojú ọkàn, kí wọ́n sì yan ẹ̀gbẹ́ tí ìtànṣán yóò gbà. Ẹ béèrè irú ẹ̀rọ tí wọ́n ní, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń fi CT ṣètò, torí pé láìsí CT, kò sẹ́ni tó lè rí ibi tí ọkàn yín dúró sí gan-an.

Ẹ pe fóònù kí ẹ tó gbéra. Mo ti bá aláìsàn kan dé ilé ìwòsàn kan rí, tí wọ́n ní ẹ̀rọ ti dákú láti ọjọ́ mẹ́ta, a sì padà wálé lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ mélòó ni màá fi máa lọ? Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn jìn.

Ó tó nǹkan bí 100 kìlómítà, mo sì mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí. Ògbómọ̀ṣọ́ ní LAUTECH Teaching Hospital, ó sì ní ilé ìwòsàn Bowen, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Baptist, èyí tó ti wà láti 1907, ṣùgbọ́n University College Hospital ní Ìbàdàn ni a sábà máa ń lọ fún ìtànṣán, àwọn mìíràn sì ń lọ sí LUTH ní Èkó, níbi tí wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun sí ní 2019.

Tẹ́lẹ̀, Gy 50 ni wọ́n ń pín sí ìgbà 25, ìyẹn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìwádìí START ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé Gy 40 ní ìgbà 15 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́ dọ́gba, wọn kò sì rí i pé àrùn ọkàn pọ̀ sí i láàárín ọdún mẹ́wàá. Ní 2020, ìwádìí FAST-Forward lórí èèyàn 4,096 fi hàn pé Gy 26 ní ìgbà márùn-ún péré, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò rẹ̀yìn sí ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí wọ́n wò ó lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Dókítà ló máa sọ èyí tó bá tiyín mu, pàápàá bí wọ́n bá fẹ́ tan ìtànṣán sí kókó abíyá. Ẹ ṣáà béèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ẹ̀gbọ́n ní Ìbàdàn yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Oògùn pupa tí wọ́n fà sí mi lára ńkọ́?

Doxorubicin ni, ó sì lè dín agbára ọkàn kù fúnra rẹ̀, bí àròpọ̀ iye tí èèyàn gbà bá ti ń pọ̀ sí i. Wọn kì í sábà fún èèyàn ní òun àti ìtànṣán pa pọ̀ ní àkókò kan náà. Trastuzumab, tí wọ́n ń fún àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní HER2 pọ̀ lára jẹjẹrẹ wọn, sábà máa ń gba ọdún kan, òun náà lè mú kí agbára ọkàn dín kù, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò bí wọ́n bá dá oògùn náà dúró. Àyẹ̀wò ẹ́kò ni wọ́n fi ń wo bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n ṣe é kí àwọn oògùn wọ̀nyí tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa tún un ṣe ní bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta nígbà tí trastuzumab bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹ gbé ìwé èsì rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ dókítà onítànṣán, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ilé ìwòsàn tó fún yín ní oògùn lọ́pọ̀ ìgbà.

Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé ó ní ohun tó kàn án?

Ó kàn án gidi. Ẹ padà sí ìṣirò tí mo ṣe lókè. Bí ewu tó ti wà nílẹ̀ bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún dípò ogójì, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí sìgá, Gy 5 kan náà yóò sọ ọ́ di nǹkan bíi mẹ́tàdínlógóje. Èèyàn mẹ́tàdínlógójì ló kún un, kì í ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ́. Nítorí náà, ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí pé "jẹjẹrẹ ni à ń bá jà báyìí". Ẹni tó ń mu sìgá, kí ó fi í sílẹ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń mu àgbo, kí ó sọ ọ́ fún dókítà láìtijú. Ẹni tó bá fẹ́ gba ààwẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bá wọn sọ ọ́, torí pé bí ara bá fọn púpọ̀ láàárín ìtọ́jú, ipò tí wọ́n ti ṣètò lè yẹ̀.

Ṣé ìtànṣán náà lè ran ọkọ tàbí ọmọ mi?

Rárá. Bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, kò sí èyíkéyìí nínú ara yín. Ẹ gbé ọmọ yín pọ̀n bí apá kò bá dùn yín.

Báwo ni màá ṣe mọ̀ bó bá ti kan ọkàn mi?

Ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ tí wọ́n ń tan ìtànṣán. Awọ tó ń pọ́n, tó ń yún tàbí tó ń bó láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, awọ ni, kì í ṣe ọkàn. Èyí tó yẹ kí ẹ tìtorí rẹ̀ sáré lọ sí ilé ìwòsàn, kódà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ni kí àyà máa fún yín pinpin tàbí kí ìrora gba apá tàbí àgbọ̀n lọ, kí ẹ máa mí gúlegúle lórí àtẹ̀gùn tí ẹ ń gùn wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ máa wú, tàbí kí àìlèmí dáadáa máa jí yín lóru. Bí ẹ bá débẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ fún dókítà ni pé ẹ ti gba ìtànṣán sí àyà rí, nítorí pé kò lè mọ̀ bí ẹ kò bá sọ.

Kí ni kí n gbà lọ́wọ́ wọn kí n tó kúrò níbẹ̀?

Ìwé. Ẹ ní kí wọ́n kọ apá tí wọ́n tan ìtànṣán sí, àròpọ̀ Gy, iye ìgbà tí wọ́n pín in sí, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, àti ìpíndọ́gba Gy tí ọkàn gbà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣètò, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ ọ́ fún aláìsàn bí aláìsàn kò bá béèrè. Ẹ béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí wọ́n bá sì ní kí ẹ padà wá gbà á lọ́la, ẹ padà lọ. Ẹ fi ìwé náà sínú àpò ọ̀rá kan náà tí ìwé ilẹ̀ yín wà, kí ẹ ní kí ọmọ yín ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù tirẹ̀.